Ènìyàn Laṣọ Mi

Nínú gbogbo àdúrà tí Yorùbá máa ń ṣe fún ara wọn, bóyá ni ọ̀kan wà tí àmín rẹ̀ máa ń ròkè tó ti ẹni tí ó ní, "Ọlọ́run yóò bo àṣírí rẹ." Olówó ń ṣe àmín sí i, tálákà ń ṣe àmín sí i. Ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn mọ ohun tí ó ń tọrọ. Ẹni tí ebi ń pa lábẹ́ aṣọ olówó iyebíye mọ ohun tí ó ń tọrọ. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú àròkọ yìí kì í ṣe owó ni ó ń bò, ara rẹ̀ ni: obìnrin tí jẹjẹrẹ mú lọ́mú. Bí a bá ṣe àdúrà yẹn fún un, kí ni a ń tọrọ fún un gan-an? Ṣé kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ ni? Obìnrin tí ó ti la àrùn náà já ńkọ́, tí ó ti gba iṣẹ́ abẹ, tí ó ti gba oògùn, tí ara rẹ̀ ti yá? Ǹjẹ́ ó ní ẹ̀tọ́ láti pa ẹnu mọ́ nígbà tí ẹlòmíràn ní àdúgbò rẹ̀ ń bá kókó tirẹ̀ sùn, tí ó ń bá a jí, tí kò sì rí ẹni bi léèrè?

N ó gbé ọ̀rọ̀ náà ka Màsífà, nítorí pé ìlú tí kò tóbi ni irú ìbéèrè báyìí ti máa ń le jù. Màsífà wà ní agbègbè Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tí ó bá mọ agbègbè yìí mọ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ kì í bẹ̀rù ọ̀nà jíjìn. Láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n ti ń ṣòwò lọ sí Àbíjáàn ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, tó bẹ́ẹ̀ tí kì í ṣe ìyàlẹ́nu bí a bá gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu ọmọ Èjìgbò lójú ọjà. Síbẹ̀, bí ọ̀nà ti gùn tó, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lọ́nà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Màsífà ní òwúrọ̀ lè dé Àbíjáàn kí ilẹ̀ ó tó ṣú. Ní Èkó, obìnrin lè gba ìtọ́jú fún ọdún kan kí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ojúlé má mọ̀. Ní Màsífà, bí ó bá wọ mọ́tò àárọ̀ lọ sí Òṣogbo lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú oṣù kan, wọn yóò ti máa bi í pé kí ni ó ń wá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo obìnrin kan níbẹ̀. N kò fún un lórúkọ, nítorí pé kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Gàrí ni ó ń tà. Níbi tí ó ti ń wẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti kan kókó kan lọ́mú. Ó tẹ̀ ẹ́, kò dùn ún. Àìdùn yìí gan-an ni ẹ̀tàn àkọ́kọ́, nítorí pé ìrora ni ó máa ń lé wa jáde nílé lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Ohun tí kò bá tíì dun ni, a máa ń sọ pé kò tíì di àìsàn. Ó ní bóyá wàrà ọmọ tí ó gbẹ̀yìn ni ó dì. Ó fi òrí pa á. Oṣù kan di mẹ́ta, mẹ́ta di mẹ́sàn-án. Nígbà tí ibẹ̀ di egbò, ó wá aṣọ dì í, ó da àtíkè sí i kí òórùn má baà jáde, ó sì gbé igbá gàrí lọ sí ọjà. Ní gbogbo ìgbà yìí, àdúrà tí wọ́n ń ṣe fún un ń gbà. Àṣírí rẹ̀ bò.

Àwòrán lásán kọ́ ni mo ń yà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2022, obìnrin tí ó tó mílíọ̀nù 2.3 ni a rí jẹjẹrẹ ọmú lára wọn ní gbogbo ayé, àrùn náà sì pa 670,000. Ìwádìí kan wà tí a ṣe ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 5, èyí tí Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn olùwádìí náà tẹ̀ lé obìnrin tí iye wọn lé ní 2,000, èsì iṣẹ́ wọn sì jáde ní ọdún 2020. Nínú àwọn obìnrin Nàìjíríà tí ó wà níbẹ̀, 36 nínú 100 péré ni ó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún 3. Nínú àwọn obìnrin funfun tí ń gbé ní Namibia, 90 nínú 100 ni. Àrùn kan náà ni o. Pípẹ́ kí a tó dé ilé ìwòsàn wà lára ohun tí ó fa ìyàtọ̀ yìí, àìrí ìtọ́jú tí ó péye gbà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Owó ń bẹ nínú ọ̀ràn náà, ọ̀nà jíjìn ń bẹ nínú rẹ̀, àìtó ẹ̀rọ àti dókítà ń bẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní tèmi, n kò lè ka àwọn wọ̀nyí tán kí n má ka ìdákẹ́jẹ́ mọ́ wọn.

Kí a má ṣe fi obìnrin náà ṣe ẹlẹ́yà pé òmùgọ̀ ni. Ìdí tí ó fi dákẹ́ pọ̀, wọ́n sì wúwo. Bí Yorùbá bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó, wọn a wádìí ìdílé: ṣé wàrápá kò sí níbẹ̀, ṣé ẹ̀tẹ̀ kò sí níbẹ̀, ṣé wèrè kò sí níbẹ̀? Ìyá tí ó ní ọmọbìnrin mẹ́ta nílé mọ̀ pé orúkọ tí òun bá gbà nítorí àìsàn, àwọn ọmọ òun ni yóò jogún rẹ̀. Àwọn kan yóò sọ pé àfiṣe ni, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí ó ṣe é láàárín orogún àti ìyakọ. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ó ní ohun tí ó ṣe tí ó ń jìyà rẹ̀. Ẹni tí ó bá ronú gbogbo èyí tí ó sì dákẹ́, kì í ṣe pé kò gbọ́n. Ìfẹ́ ọmọ ni ó pa á lẹ́nu mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ ọmọ yìí kan náà ni ó yẹ kí ó là á lẹ́nu. A mọ̀ lónìí pé nínú àwọn ìdílé kan, jẹjẹrẹ ọmú a máa ti ara ìyá bọ́ sí ara ọmọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí tiwọn kò ti ara ìdílé wá ni ó pọ̀ jù. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wà ní ayé tí ó yẹ kí ó mọ ohun tí ó ń ṣe ìyá náà, ọmọbìnrin tí à ń tìtorí rẹ̀ fi í pamọ́ ni. Àṣírí tí a pa mọ́ kí ọmọ baà lè rí ọkọ fẹ́ lè mú kí ọmọ náà má mọ̀ pé ó yẹ kí òun tètè máa yẹ ara òun wò. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá dé báyìí, kì í ṣe ìyá nìkan ni ó ni àṣírí náà mọ́.

Ohun kan sì tún yẹ kí a rántí. Ọmú fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun ìtìjú nílẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, ìyá àgbà a ró ìró mọ́ ìbàdí, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbé ojú sá. Ọmú ni ìyá fi ń bẹ ọmọ tí ó bá fẹ́ ṣe aburú. Òun náà ni ó fi ń súre fún un. Àwọn tí wọ́n mu ọmú kan náà ni à ń pè ní ọmọ ìyá kan náà. Nítorí náà, nígbà tí dókítà bá sọ fún obìnrin pé wọn yóò gé ọ̀kan kúrò, ẹran ara nìkan kọ́ ni ó ń rò. Ó ń bi ara rẹ̀ pé ǹjẹ́ òun ṣì ni ìyá àwọn ọmọ òun, ǹjẹ́ òun ṣì ni aya ọkọ òun. Dókítà kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn. Ọkọ tí ó fẹ́ràn rẹ̀ lè dáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò rò pé àánú ni ó mú un sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ó ti kọjá níbẹ̀ ni ó lè dìde dúró níwájú rẹ̀, kí ó sì sọ pé, "Wò mí. Ọmú tí ọmọ ti mu, abẹ kò lè gbà á padà lẹ́nu ọmọ."

Ní ìlú Ìbàdàn, obìnrin kan ti fi èyí ṣe iṣẹ́. Ní ọdún 1997 ni a rí jẹjẹrẹ ọmú lára Betty Anyanwu-Akeredolu. Ọmọ ilẹ̀ Ìgbò ni, láti Emeabiam ní Ìpínlẹ̀ Imo. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ó fẹ́. Ní ọdún náà gan-an ni ó dá ẹgbẹ́ Breast Cancer Association of Nigeria sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní BRECAN ní ìkékúrú. Ẹgbẹ́ yìí ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọn yóò ṣe máa yẹ ọmú ara wọn wò, ó sì ń kó àwọn tí àrùn náà ti mú jọ kí wọ́n lè máa gbé ara wọn ró. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2017, gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n ní ẹni tí kò fi ọ̀rọ̀ náà bò. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ju iṣẹ́ ìtọ́jú lọ: ó sọ ọ́ ní orúkọ ara rẹ̀, ní ọdún tí àwọn tí ó mọ ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ sọ ṣì ń rọra sọ ọ́ bí ẹni ń sọ èèwọ̀.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra kí a má fi àpẹẹrẹ rere di ẹrù lé ẹni tí kò lè rù ú lórí. Obìnrin tí ó kàwé, tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ amòfin ńlá, bí ó bá sọ̀rọ̀, ìlú yóò pè é ní akíkanjú. Ẹni tí ń ta gàrí ní Màsífà, bí ó bá sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà, ó lè pàdánù oníbàárà rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. A kò lè sọ pé ohun kan náà ni ojúṣe àwọn méjèèjì.

Àwọn obìnrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ṣe àríyànjiyàn lórí ọ̀ràn yìí ṣáájú wa, ó sì tọ́ kí a gbọ́ tẹnu wọn. Ní ọdún 1952, wọ́n gé ọmú obìnrin kan tí ń jẹ́ Terese Lasser ní New York. Kò rí ẹni tí yóò kọ́ ọ bí yóò ṣe máa gbé apá rẹ̀ sókè lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tàbí bí yóò ṣe máa múra. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lọ bá àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, ó ń mú ọmú àtọwọ́dá tí wọn yóò fi sínú kọ́mú lọ fún wọn, àní nígbà tí inú àwọn dókítà kan kò dùn sí i. Báyìí ni ètò tí a ń pè ní Reach to Recovery ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 26 lẹ́yìn náà, wọ́n gé ọmú kan lára akéwì aláwọ̀ dúdú tí ń jẹ́ Audre Lorde. Obìnrin kan láti inú ètò yìí wá kí i, ó sì mú òwú ọmú àtọwọ́dá wá. Lorde kò gbà á. Nínú ìwé rẹ̀ The Cancer Journals, tí ó jáde ní 1980, ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀: bí gbogbo àwọn tí ó ti gba iṣẹ́ abẹ yìí bá ń bo ara wọn kí wọ́n lè dà bí ẹni tí kò sí ohun tí ó ṣe é, báwo ni wọn yóò ṣe dá ara wọn mọ̀? Báwo ni wọn yóò ṣe parapọ̀? Lójú tirẹ̀, ìbora náà ń sọ obìnrin kọ̀ọ̀kan di ẹni àdádó.

Ta ni ó jàre nínú àwọn méjèèjì? Mo rò pé èdè Yorùbá ní ohun tí ó lè fi là wọ́n níjà. Ẹ fetí sí àdúrà wa dáadáa. A kì í gbàdúrà pé kí ènìyàn bo àṣírí ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ni à ń bẹ̀ kí ó bò ó. Ẹni tí wọ́n yá lówó ní ọjọ́ tí ojú ìbá tì í a sọ pé, "Lágbájá bo àṣírí mi." Kí lágbájá tó lè bò ó, ó ní láti kọ́kọ́ rí i. Ẹni tí kò mọ ibi tí ihò wà lára aṣọ kò lè mọ ibi tí yóò ta ìborùn sí. Èyí já sí pé nínú ìrònú àwọn baba wa, àṣírí tí a bò ni èyí tí ó ní ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, tí ó sì dáàbò bò ó. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rárá, a kò bò ó. A rì í mọ́lẹ̀ ni. Ohun tí a bá sì rì mọ́lẹ̀, jíjẹrà ni yóò máa jẹrà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ènìyàn laṣọ mi. Gèlè tí a wé nígbà tí oògùn jẹjẹrẹ bá ti re irun orí dànù, aṣọ ni; ọmú àtọwọ́dá, aṣọ ni; ẹni tí ó bá fẹ́ lò wọ́n kí ó lò wọ́n, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tí ó bo ẹ̀yìn, níbi tí ọwọ́ ẹni kò lè dé, ènìyàn ni.

Ẹnì kan yóò sọ pé, "Ènìyàn yìí kan náà ni ó ń tú ni láṣìírí." Òótọ́ ni. N kò lè jiyàn rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ẹ̀ṣẹ̀ tí ó tóbi jù nínú ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ẹni tí ó dákẹ́, ti ẹni tí ó gbọ́ tí ó sì lọ sọ ọ́ ní ọjà ni. Ó pa ju ẹnì kan lọ. Gbogbo obìnrin tí ó bá gbọ́ bí a ti ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹni yẹn ṣeré yóò di kókó tirẹ̀ mọ́ra títí yóò fi pẹ́ jù. Àwọn ìyá wa mọ èyí. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ̀bí nínú agbo ilé, ẹni tí ó di ẹ̀yìn aboyún mú ní orí ìkúnlẹ̀ gbọ́ igbe rẹ̀, ó rí ìhòòhò rẹ̀, kò sì gbé e jáde. Ìmọ̀ tí ìyà fi kọ́ ni kì í ṣe ohun eré. Ẹgbẹ́ obìnrin tí yóò bá dúró ti ara wọn nínú jẹjẹrẹ ní láti bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn agbẹ̀bí yẹn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tún béèrè ohun tí àwọn onímọ̀ yóò béèrè: ìdúró-ti-ni yìí, ṣé ó ń wo àrùn sàn? Ní ọdún 1989, David Spiegel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú wọn ti ràn dé ibòmíràn nínú ara. Àwọn tí wọ́n ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti bá ara wọn sọ̀rọ̀ pẹ́ láyé ju àwọn tí kò pàdé lọ. Inú ayé dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mìíràn tún un ṣe pẹ̀lú ènìyàn tí ó pọ̀ sí i, tí èsì tiwọn jáde ní 2001, ẹ̀mí àwọn tí ń pàdé kò gùn ju ti àwọn yòókù lọ. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ìbànújẹ́ wọn dín kù, ìrora wọn sì dín kù.

Àwọn kan ka èyí sí ìjákulẹ̀. Èmi kò kà á bẹ́ẹ̀. Bí ìrora ẹni tí ń lọ bá fúyẹ́ nítorí pé ẹnì kan jókòó tì í, ta ni yóò sọ pé iṣẹ́ tí onítọ̀hún ṣe kò níye? A kì í bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ jókòó nítorí kí òkú lè jí. Ẹ̀kọ́ ńlá sì wà nínú rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ wa: kí wọ́n má ṣe ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó ti là á já kì í ṣe dókítà. Kò gbọdọ̀ sọ fún ẹlòmíràn pé kí ó fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ nítorí àgbo kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ pé, "Èmi náà ni oògùn yìí mú èébì gbé, ó kọjá lọ," tàbí láti rán ẹni tí a fún ní oògùn oníhóró tí yóò máa lò fún ọdún 5 létí pé ara yíyá kò tíì tó ìdí láti dá a dúró.

Kí a má sì gbàgbé àwọn tí kò là á já. Mo ti ṣàkíyèsí pé nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, èdè ogun ni a fẹ́ràn: ó bá a jà, ó ṣẹ́gun rẹ̀. Bí ẹni tí ó yè bá jẹ́ ajagun-ṣẹ́gun, kí ni a ó pe ẹni tí ó kú? Ṣé ojo ni? Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbàdúrà tó ẹni tí ó yè, wọ́n ní ìgboyà tó o, àrùn tiwọn ni ó le jù, tàbí owó wọn ni kò tó. Ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ pé àwọn tí ara wọn ti yá nìkan ni ó ń gbé síwájú yóò lé ẹni tí àrùn rẹ̀ padà wá jáde, kí ó má baà ba ayọ̀ jẹ́. Ẹni yẹn gan-an ni ó sì nílò aṣọ jù.

Kí wá ni ojúṣe ẹni tí ó ti yè? Èrò tèmi nìyí. Kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti fi ipá mú un bọ́ sí gbangba. Kò jẹ ìlú ní gbèsè ìtàn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jẹ ẹnì kan ní gbèsè: obìnrin tí ó mọ̀, tàbí tí ó fura sí, pé ó wà níbi tí òun ti wà rí. Àwọn àgbà ní ohun tí ó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Wọ́n tún ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Kò ní láti gun orí pèpéle. Ó tó kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó jókòó ti ẹni náà, kí ó sì fi àpá rẹ̀ hàn án.

Àwọn yòókù tí àrùn náà kò mú ńkọ́? Iṣẹ́ tiwọn ni láti mú kí sísọ̀rọ̀ má di ewu. Irinṣẹ́ rẹ̀ wà ní Màsífà láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn obìnrin ibẹ̀ mọ bí a ti ń dá àjọ. Kí ni ó dé tí a kò lè fi ọ̀kan sílẹ̀ fún owó mọ́tò ẹni tí ń lọ gba ìtọ́jú ní Òṣogbo tàbí ní UCH ní Ìbàdàn? Àwọn ìyàwó ilé mọ bí a ti ń dáná fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oògùn jẹjẹrẹ kò lè dáná fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ lè bá a ta gàrí títí yóò fi dé. Àwọn ọmọ tí ó wà ní Àbíjáàn tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ fún ìsìnkú lè fi í ránṣẹ́ nígbà tí ìyá ṣì wà láàyè. Àwọn ọkùnrin náà lè jáwọ́ nínú bíbéèrè pé ta ni ó fi àrùn náà ṣe é, kí wọ́n béèrè pé ọjọ́ wo ni dókítà ní kí ó padà wá.

Nígbà tí a bá tún gbọ́ àdúrà náà, kí a ṣe àmín sí i tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n kí a mọ ẹni tí a ń pè. Ọlọ́run bo àṣírí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ọwọ́ ènìyàn ni ó sì fi ń bò ó.